Èèyàn mélòó ni ìfun onínúfùfù ń bá jà?

Àbúrò mi obìnrin ló fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́. Ìlú Ọba ló ń gbé. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé IBS, àìsàn ìfun kan, ló ń fa inú rírun tó ti ń bá a fínra láti ọdún tó kọjá. Bó ṣe délé ló bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì bá nọ́ńbà mẹ́rin tí kò jọra pàdé. Ibì kan ní ẹni kan nínú márùn-ún ló ní in, ibòmíràn ní ẹni kan nínú mẹ́wàá, ẹ̀kẹta ní kò ju ẹni mẹ́rin lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó wá yà á lẹ́nu jù lọ ni ìwé kan láti Nàìjíríà tó ní ó tó ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá. "Ẹ̀gbọ́n mi, èwo ló ń parọ́ nínú wọn?"

Mo ní kò sí èyí tó ń parọ́. Kò fèsì fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mo sì mọ̀ pé ó rò pé mo fẹ́ fi òun ṣeré ni. Àmọ́ kíka àwọn tó ní IBS kò dà bíi kíka àwọn Olúgbódi ìlú, tí èèyàn á kàn ní kí kálukú na ọwọ́ rẹ̀ jáde ká lè rí ìka kẹfà. Ẹni tó fẹ́ ka IBS ní láti béèrè ni. Bí ìbéèrè bá sì ti yí padà, iye tó máa jáde náà á yí padà. Àlàyé rẹ̀ gùn ju ohun tí mo lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ lórí fóònù láago mọ́kànlá alẹ́, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ síbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń kà. Orúkọ tí òyìnbó fún àìsàn yìí, irritable bowel syndrome (IBS), bí a bá tú u sí Yorùbá, kò jìnnà sí "ìfun tó tètè ń bínú". Èmi a máa pè é ní ìfun onínúfùfù, torí bí onínúfùfù ṣe ń ṣe náà ló ń ṣe: ohun tí ẹlòmíràn á gbójú fò ló máa ń torí ẹ̀ fárí gá. Ìfun gbogbo wa ló ń fún tó sì ń tú, bí àwọn tó ń fọ ìfun ewúrẹ́ lọ́jọ́ ọdún ṣe máa ń fi ìka méjì ti ohun inú rẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Ẹni tára rẹ̀ dá kì í mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Ní ti ẹni tó ní IBS, ìfun rẹ̀ lè máa sáré jù, kí ìgbẹ́ máa ṣàn bí omi. Ó sì lè máa wọ́lẹ̀, kó pé ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kó tó rí ìgbọ̀nsẹ̀ lọ. Àwọn kan wà tí méjèèjì ń bá lálejò lóṣù kan náà. Ìrora sì wà níbẹ̀, torí pé ohun tó ń gbé ìròyìn láti ìfun lọ sí ọpọlọ ti di ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́. Àwọn olùwádìí ti fẹ́ bàlúù kékeré nínú ìfun àwọn tó ní in àti àwọn tí kò ní in. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ẹni tára rẹ̀ dá kò kà sí nǹkan kan ni ẹni tó ní IBS ti ń ké pé ó ń dun òun. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ń ṣe ojo tàbí pé èrò ọkàn lásán ni. Ó ń dùn ún.

Èdè wa tilẹ̀ ti mọ̀ lára ohun tí wọ́n ń wádìí yìí. Inú kan náà tí oúnjẹ ń lọ ni inú tó ń bí wa, tó ń dùn, tó ń bàjẹ́, tó ń fu wá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún ìwé wọn kọ lọ́dún 2016, wọ́n kó IBS àti àwọn ìbátan rẹ̀ sábẹ́ orúkọ tuntun, wọ́n ní àìsàn àjọṣe àárín ìfun àti ọpọlọ ni wọ́n. Ìyá àgbà tó bá ń sọ pé "ọ̀rọ̀ yẹn dé inú mi" ti sọ díẹ̀ lára rẹ̀ tipẹ́.

Ibi tí wàhálà kíkà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí: kò sí láàbù tí wọ́n ti ń rí IBS. Ibà ní kòkòrò tí wọ́n ń rí nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọgbẹ́ inú, wọ́n lè ti kámẹ́rà bọ ọ̀nà ọ̀fun lọ wò ó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi kámẹ́rà wo ìfun ẹni tó ní IBS, wọ́n á bá a kó máa dán bí ìfun ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn ni dókítà fi ń mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn tó bá ti rí i dájú pé kì í ṣe àìsàn mìíràn tó jọ ọ́. Olùwádìí tó fẹ́ mọ iye èèyàn tó ní in láwùjọ kò sì lè máa fi kámẹ́rà wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ìwé ìbéèrè ló máa pín.

Ìwé ìbéèrè ọ̀hún kì í ṣe ẹyọ kan. Lọ́dún 1978, dókítà Manning àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ àmì mẹ́fà sílẹ̀: kí inú rírun dẹ̀ bí èèyàn bá ti yàgbẹ́, kí ìgbẹ́ rọ̀ nígbà tí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í run, kó máa wá léraléra, kí inú wú, kí ikun wà nínú ìgbẹ́, kí èèyàn ṣe tán kó sì máa ṣe é bíi pé ó ṣì kù. Wọn ò sọ iye ìgbà tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lóṣù. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ ni: ẹja ńlá, ẹja kékeré, gbogbo rẹ̀ ló ń kó. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ tó kọ́kọ́ pàdé ní ìlú Róòmù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òdiwọ̀n tiwọn jáde, wọ́n sì ń tún un ṣe láti ìgbà dé ìgbà: ìkejì jáde lọ́dún 1999, ìkẹta lọ́dún 2006, ìkẹrin lọ́dún 2016. Tọdún 2016 yìí ni ojú àwọ̀n rẹ̀ fẹ̀ jù, tó jẹ́ pé ẹja ńlá nìkan ló ń dá dúró.

Òdiwọ̀n 2006 ní kó jẹ́ inú rírun tàbí inú àìrọgbọ, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta lóṣù, láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá. Ti 2016 ní inú rírun nìkan, ó kéré tán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Àwọn méjèèjì ní kó ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, kó sì ní í ṣe pẹ̀lú ìgbọ̀nsẹ̀, bóyá bó ṣe ń yí padà tí èèyàn bá ti lọ, tàbí iye ìgbà tó ń lọ, tàbí bí ohun tó ń jáde ṣe rí.

Létí, ọjọ́ mẹ́ta lóṣù àti ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fẹ́ẹ̀ jọra. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí mo fi dán an wò lára àǹtí mi.

Àbúrò màmá mi ni wọ́n. Wọ́n ń ta àǹkárá ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn, wọn ò tíì pé ẹni 50 ọdún. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé ọ́lísà ń da àwọn láàmú, bẹ́ẹ̀ kò sí dókítà tó wò wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. (Nílẹ̀ wa, inú rírun yòówù tó bá ti pé ọdún kan ló ń gba oyè ọ́lísà.) Mo jókòó lórí ìdì aṣọ kan tí wọn ò tíì tú, mo yọ fóònù mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan. Ǹjẹ́ inú máa ń run yín?"

"Inú ta ni kì í run?"

"Láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá ni mò ń wí."

Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń ṣírò. "Oṣù mẹ́ta. Ìgbà yẹn a ò tíì ṣe òkú ìyá Ìdòwú. Bẹ́ẹ̀ ni, ó run mí."

"Ọjọ́ mélòó lóṣù?"

"Ṣé mo ń kà á ni? Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa lo oògùn, màá dúró sídìí ọjà mi. Kọ mẹ́ta sílẹ̀."

Mo béèrè bóyá ó máa ń run wọ́n gan-an ni àbí wọn ò kàn rọgbọ. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. "Inú rírun wà, inú kíkùn wà, inú kíkún wà, inú wíwú wà, inú bíbù náà wà. Èwo lò ń bi mí nínú wọn?"

Èsì yẹn dùn mọ́ mi, torí pé àwọn tó ṣe òdiwọ̀n 2016 yọ ọ̀rọ̀ tí mo pè ní "àìrọgbọ" yìí kúrò fún ìdí tó jọ ọ́. Wọ́n rí i pé ọ̀tọ̀ ni ohun tí olúkúlùkù ń pè bẹ́ẹ̀, àti pé àwọn èdè kan wà tí kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ fún un. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági ti rí i láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Ó kan ti ìgbẹ́ fúnra rẹ̀. Àwòrán kan wà tí àwọn dókítà ń lò fún èyí, Lewis àti Heaton ló gbé e jáde ní Bristol lọ́dún 1997. Oríṣi méje ló wà níbẹ̀, èyí àkọ́kọ́ le ó sì rí kóró kóró, èyí ìkeje jẹ́ omi gbuurugbu. Mo na fóònù sí wọn. Àǹtí rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó ń ta léèsì lódìkejì yíjú wò wá. "Ti ewúrẹ́ rèé! Èyí rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ta ló jókòó ya èyí?" Wọ́n ní kí n tètè pa á mọ́ kí oníbàárà tó dé. Ìgbà tí ẹ̀rín wọn rọlẹ̀ ni wọ́n wá fohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí inú bá ń run àwọn, èyí tó dà bí ẹ̀kọ mímu yẹn ló máa ń jẹ́, àti pé bí àwọn bá ti lọ tán, inú á dẹ̀. Ó sì ti tó ọdún méjì.

Mo ṣe ìṣirò náà nídìí aṣọ. Lójú òdiwọ̀n 2006, Àǹtí wà lára àwọn tó ní IBS. Lójú òdiwọ̀n 2016, wọn ò sí lára wọn. Inú kan náà, ọjọ́ kan náà, ẹnu kan náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ló ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé. Lọ́dún 2012, àwọn olùwádìí méjì, Lovell àti Ford, kó ìwádìí tó wà nílẹ̀ nígbà náà jọ, àwọn èèyàn inú rẹ̀ lé ní 260,000. Bí wọ́n ṣe pò ó pọ̀, ó jẹ́ nǹkan bí èèyàn 11 nínú 100. Ibẹ̀ ni "ẹni kan nínú mẹ́wàá" tí àbúrò mi rí ti wá. Ṣùgbọ́n inú àpò kan náà yẹn ni ìwádìí kan wà tó rí ẹyọ ẹni kan péré nínú 100, òmíràn sì wà tó rí èèyàn 45. Ẹni tó bá mú àárín irú nǹkan báyìí, tó ní iye àwọn tó ní in láyé nìyẹn, ó dà bí ẹni tó po omi gbígbóná mọ́ omi yìnyín tó wá ní omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni gbogbo ìlú ń mu.

Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2020 ṣe ohun tó mọ́gbọ́n dání jù: ó to àwọn ìwádìí náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n tí kálukú lò. Àwọn tó lo ti 2006 rí 9.2 nínú 100. Àwọn tó lo ti 2016 rí 3.8. Ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì tí igba èèyàn jókòó sí lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí a bá gbé òdiwọ̀n ti tẹ́lẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, bí èèyàn 18 ló máa dìde. Bí a bá gbé tuntun dé, wọn ò ní ju méje tàbí mẹ́jọ lọ. Àwọn mẹ́wàá tó jókòó padà yẹn ńkọ́? Kò sí ẹni tó wò wọ́n sàn. Ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀ ni wọ́n sún síwájú.

"Ẹni kan nínú márùn-ún" ní tirẹ̀, ó ti wà nínú ìwé àwọn oníṣègùn láti ìgbà àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn dókítà wọn lọ́dún 2008 fojú bù ú sí 10 sí 20 nínú 100, nígbà tí àwọn tó ń kọ̀wé fún gbogbo èèyàn sì máa ń mú èyí tó bá ga jù, ogún ló ń lékè. Èmi ò dá wọn lẹ́bi púpọ̀. Ẹni tó ń kọ àkòrí kì í fẹ́ nọ́ńbà kékeré.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà béèrè tún ń da nǹkan rú ju òdiwọ̀n lọ nígbà mìíràn. Ìwádìí tó tóbi jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde lọ́dún 2021, Ami Sperber ló ṣáájú rẹ̀: orílẹ̀-èdè 33, èèyàn tó lé ní 73,000, òdiwọ̀n 2016 kan náà fún gbogbo wọn. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn orílẹ̀-èdè náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì làwọn èèyàn ti dáhùn; láwọn yòókù, ṣe ni wọ́n lọ ń kanlẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 4.1 nínú 100 ló ní IBS. Lẹ́nu ọ̀nà, 1.5. Bí wọ́n ṣe fi òdiwọ̀n 2006 yẹ àwọn èèyàn yẹn náà wò, ó di 10.1 àti 3.5.

Apá kan ìyàtọ̀ yìí lè wá láti ibi tí wọ́n ti béèrè, torí ọ̀tọ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti kanlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i ná. Àlejò tí ẹ ò mọ̀ rí kan ilẹ̀kùn yín, ẹ fún un lága, ẹ bu omi fún un, ọkọ yín jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn ọmọ ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ó ṣí ìwé, ó ní: "Màmá, ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ń yàgbẹ́ lọ́sẹ̀, báwo ló sì ṣe rí?" Èmi mọ ohun tí ìyá mi máa sọ. Á ní ara òun dá ṣáṣá, á sì dìde lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Ojú fóònù kì í ti èèyàn lójú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé Àǹtí mi, tó mọ̀ mí láti ìgbà tí mo wà nínú ìlédìí, ó ní kí n pa àwòrán mọ́ kí wọ́n tó lè dá mi lóhùn.

Ó wá ku nọ́ńbà Nàìjíríà, èyí tó dẹ́rù ba àbúrò mi. Lọ́dún 1995, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn rí nǹkan bí 30 nínú 100. Láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Jos, wọ́n rí nǹkan bí 26 lọ́dún 2005. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìwádìí mìíràn ní Jos, èyí tí wọ́n ṣe láwùjọ àwọn ará ìlú, rí iye tó lé díẹ̀ ní 31. Ọwọ́ àwọn oníṣègùn tó mọ iṣẹ́ wọn ni ìwádìí wọ̀nyí ti wá. Síbẹ̀, mi ò ní fi wọ́n sọ pé ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá ọmọ Nàìjíríà ló ní IBS, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ti Ìbàdàn, àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ ti 1978 ni wọ́n lò. Àwọn tó kó sínú àwọ̀n náà jẹ́ ọmọdé tó ń kàwé dòru, tó ń jẹ mọ́inmọ́in ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ní aago méjì ọ̀sán gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ àárọ̀, tí ìdánwò sì ń lé kiri. Ibi gbogbo láyé ni wọ́n ti mọ̀ pé inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kì í dá lásìkò ìdánwò. Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni pé ìwé ìbéèrè kò lè sọ ìyàtọ̀ láàárín IBS àti àwọn ohun mìíràn tó pọ̀ nílẹ̀ wa: aràn, àwọn kòkòrò inú omi tí wọn ò sè, àti wàrà. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ilẹ̀ Yorùbá ni ara wọn kì í lè da ṣúgà inú wàrà. Wọ́n á mu tíì oníwàrà láàárọ̀, inú á wú, á run, wọ́n á sáré lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, ìrora á sì lọ. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù á dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo ìbéèrè, bẹ́ẹ̀ tíì ló yẹ kó bá wíjọ́.

Ohun méjì ń bẹ tó fìdí múlẹ̀ níbi púpọ̀, yálà nọ́ńbà ga ni tàbí ó wálẹ̀. Àwọn obìnrin ló ń pọ̀ ju ọkùnrin lọ; nínú àkójọ ọdún 2012, 14 nínú 100 obìnrin, bíi 9 nínú 100 ọkùnrin. Ó sì ń dín kù lẹ́yìn ẹni 50 ọdún.

Àwọn tó rò pé nọ́ńbà yìí kì í kúrò lójú kan, ẹ gbọ́ ìtàn Walkerton. Ìlú kékeré kan ni ní Ontario, ní Kánádà. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2000, òjò ńlá rọ̀, ó gbá ìgbẹ́ màlúù wọ inú kànga tí omi ẹ̀rọ ìlú náà ti ń wá. Èèyàn tó lé ní 2,000 ló ṣàìsàn, àwọn méje kú. Lẹ́yìn tí ìgbẹ́ gbuuru náà ti lọ tán, àwọn oníṣègùn ò fi ìlú náà sílẹ̀. Ní ọdún méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi àwọn tí omi yẹn dá dùbúlẹ̀ wé àwọn tí kò ṣe ní nǹkan kan: nínú 100 àwọn tí àyẹ̀wò jẹ́rìí sí àìsàn wọn, 36 ló ti ní IBS, nínú 100 àwọn tí kò ṣàìsàn, 10. Nígbà tó máa fi pé ọdún mẹ́jọ, iye àwọn tó ní IBS nínú gbogbo àwọn tó ṣàìsàn ti wálẹ̀ láti nǹkan bí 28 sí nǹkan bí 15 nínú 100.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bani nínú jẹ́, torí ó fi nǹkan méjì hàn tí nọ́ńbà lásán kì í fi hàn. Àkọ́kọ́, kòkòrò lè ti kúrò nínú ìfun kí ìfun má sì gbàgbé ìjà náà. Ìwádìí níbòmíràn fi hàn pé lẹ́yìn irú ìgbẹ́ gbuuru tí kòkòrò fà bẹ́ẹ̀, bí ẹni kan nínú mẹ́wàá ló ń di onífun onínúfùfù. Ìkejì, ó lè lọ. Ẹni tí wọ́n kà mọ́ wọn lọ́dún yìí lè má sí lára wọn lọ́dún mẹ́fà sí i. Níbi tí omi kànga àti ṣáláńgá ti ń ṣe aládùúgbò bíi tiwa, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà rárá, ìyẹn náà sì jẹ́ kí iye tí ilé ìwòsàn ń kà yàtọ̀ sí iye tó wà nílé. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ mìíràn ti wà nílẹ̀ dè é. Bí ìgbẹ́ bá le, tí inú ń run, wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ohun dídùn ló fà á, wọ́n á lọ mu àgbo jẹ̀dí nídìí alágbo. Bí inú bá ń run tí ara ń rẹ èèyàn, wọ́n á gba láàbù àdúgbò lọ fún ìyẹ̀wò Widal, ìyẹn ìyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún tàífọ́ọ̀dù tí kò ṣeé gbára lé tó, wọ́n á sì jáde pẹ̀lú "tàífọ́ọ̀dù". Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru, Flagyl ni, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni kan náà lè gba oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ọdún kan, kí ó sì máà sí èyí tó bá a mu.

Ohun tí mo wá sọ fún àbúrò mi nìyí. Bó bá fẹ́ nọ́ńbà kan tó máa dì mú, kó mú 4 nínú 100 fún àwọn tó ń dà láàmú lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó sì mú 10 bó bá fẹ́ ka àwọn tó ń dé bá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò dá wà, bí a bá fi èyí tó kéré jù pàápàá kà á. Kì í di jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n pé ó wọ́pọ̀ kò túmọ̀ sí pé gbogbo inú rírun ni kí èèyàn pè bẹ́ẹ̀ kó sì lọ sùn. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, rírù tí èèyàn ò mọ̀dí rẹ̀, ibà tí kò lọ, àìtó ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ tó ń jí èèyàn lóru, inú rírun tó jẹ́ pé ẹ̀yìn 50 ọdún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tàbí kí jẹjẹrẹ ìfun ti wà nínú ìdílé: èyíkéyìí nínú wọn ti kọjá ohun tí wọ́n ń fi ìwé ìbéèrè ṣe. Dókítà ni kó rí i.

Bí oṣù kan lẹ́yìn tí mo lọ sí Gbági, Àǹtí pè mí.

"Ìwọ, ṣé o ti fi nọ́ńbà mi yẹn ránṣẹ́ síbi tó ń lọ?"

Mo ní kò lọ síbì kankan, pé mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Ó dáa. Àṣìṣe ni mo ṣe. Láti ọjọ́ tóo ti lọ ni mo ti ń fàlà sẹ́yìn ìwé gbèsè mi nígbàkigbà tó bá run mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé, ó ti di mẹ́fà. Fagi lé mẹ́ta yẹn."

Mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin! Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì sí i, Àǹtí ti wọ àwọ̀n olójú ńlá nìyẹn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé ìwé náà dání lọ rí dókítà, pé ohun tó dáa jù tí wọ́n lè gbé síwájú rẹ̀ nìyẹn.

"Ìwé gbèsè? Kí dókítà wá máa ka orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ mí lówó? Màá dà á kọ."